Àkókò Méjì Nínú Ìwé Kan: Ìrántí Àgbà Òyìnbó àti Ìtàn Ìbàdàn Tuntun

Lọ́dún 1958 ni ilé ìtẹ̀wé Methuen ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé Kenneth Mellanby jáde, The Birth of Nigeria's University. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Mellanby, ìmọ̀ nípa kòkòrò sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe ìwádìí ní Sheffield lórí àrùn ara yíyún tí kòkòrò tíntìntín ń fà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ sójú ogun ni wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn fún un. Láti 1947 sí 1953, òun ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́jì Ìbàdàn. Ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà nínú ọgbà náà títí di òní. Ẹni àádọ́ta ọdún ni nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde. Ó ti padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀, ó sì ń rántí iṣẹ́ tí ó ṣe ní ìlú àwọn ẹlòmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí sọ ni pé ìwé ìrántí tí àgbà bá kọ ń jẹ́rìí sí àkókò méjì: èyí tí ó ń rántí, àti èyí tí ó jókòó kọ ọ́. Àwa tí a ń ṣèwádìí lórí Ìbàdàn máa ń gba ẹ̀rí àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àgbà, a kì í sì í béèrè ìkejì. Ìdí nìyẹn tí ìtàn Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀ àti Ring Road fi ń dún létí ọ̀dọ́ bí ìtàn ohun rere kan tí ó ti bàjẹ́ pátápátá. Bí a bá ka ẹ̀rí kejì yẹn mọ́ àkọ́kọ́, ìtàn náà yóò yí padà.

Nígbà tí Mellanby gba iṣẹ́ ní 1947, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ Elliot, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní 1943 láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò fẹnu kò: àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn fẹ́ kọ́lẹ́jì ní Nàìjíríà, ní Gold Coast àti ní Sierra Leone, àwọn díẹ̀ fẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo agbègbè náà, kí ó sì wà ní Ìbàdàn. Ní January 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí ó jẹ́ ọsibítù àwọn sójà nígbà ogun. Láti Yaba Higher College ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ní 17 November ọdún kan náà ni Arthur Creech Jones, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn, bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ níbi tí yunifásítì wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Maxwell Fry àti Jane Drew ni wọ́n ya àwòrán ilé náà, pẹ̀lú ògiri oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí ooru má baà pa akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1952 ni wọ́n ń kó kúrò ní Ẹlẹ́yẹlé wá síbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni èyí jẹ́, ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi ṣe é. Ìwé Mellanby ṣe pàtàkì gan-an fún ìtàn yìí, torí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní 1958 tí ìwé náà jáde? Ní oṣù March ọdún yẹn ni Adégòkè Adélabú, gbajúmọ̀ olóṣèlú Ìbàdàn, kú nínú jàǹbá ọkọ̀, tí inú ìlú Ìbàdàn sì ru. Kí ọdún náà tó parí, ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi 1 October 1960 ṣe ọjọ́ òmìnira. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọsibítù UCH ní November 1957. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955 ti wọ ọdún kẹrin, àwọn ọmọ tí yóò kan ilẹ̀kùn yunifásítì lọ́la sì ti wà lórí ìjókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni Ìbàdàn ṣì ń fún akẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn títí di 1962. Òyìnbó tí ó bá ń kọ̀wé nípa yunifásítì Nàìjíríà ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé irú ènìyàn méjì ni yóò kà á. Ará ìlú rẹ̀ yóò máa béèrè bóyá owó tí wọ́n ná níbẹ̀ tọ́. Ọmọ Nàìjíríà yóò máa béèrè bóyá ohun tí wọ́n fún un tó èyí tí àwọn òyìnbó ní nílé tiwọn. Bí mo ti ka ìwé náà sí, ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí ni ó jẹ́ ní ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, àní níbi tí ó ti dà bí ẹni pé òǹkọ̀wé kàn ń rántí lásán. Ìjọba tí ó rán an wá ti ń palẹ̀ mọ́, ó sì fẹ́ kí a mọ̀ pé ohun kan wà tí wọ́n ṣe dáadáa. N kò rí ẹ̀bi nínú èyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rí ọdún 1958 ni, ó sì yẹ kí ẹni tí ń kọ ìtàn 1948 mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó lò ó.

Àkọlé ìwé náà gan-an jẹ́rìí sí ọdún tí ó jáde. Yunifásítì kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní nígbà náà. Nsukka ṣí ní October 1960. Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Lónìí, iye yunifásítì tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí ju igba lọ. Yunifásítì Lead City wà nítòsí Challenge, ní apá Toll Gate, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó ti wọ ìlú. Àwọn mìíràn sì wà ní Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Challenge lónìí tí ó sì ka ìwé Mellanby yóò rí i pé ayé tí òǹkọ̀wé fojú sí níwájú kọ́ ni ayé tí ó dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń dùn mí jù. Ilẹ̀ yunifásítì ju 1,032 hẹ́kítà lọ. Àwọn ìjòyè àti ará Ìbàdàn ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, fún ọdún 999. Ẹ bá mi wo iye ọdún yẹn. Nǹkan bí 1829 ni àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí dó. Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tíì pé igba ọdún. Àwọn àgbà ìlú fi ilẹ̀ lé ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì rí irú rẹ̀ rí lọ́wọ́, fún ìgbà tí ó tó ìlọ́po márùn-ún ọjọ́ orí ìlú wọn lónìí. Oko àti igbó ni ibẹ̀ nígbà náà. Àwọn ìdílé kan ń kọ ebè níbẹ̀, wọ́n ń gbin iṣu, wọ́n ní igi tí baba wọn gbìn. Báwo ni wọ́n ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà? Ta ni ó bá wọn sọ ọ́? Ibo ni wọ́n kọrí sí? Ojú ọ̀gá àgbà ni Mellanby fi rí ilẹ̀ náà, bí ó ti yẹ kí ẹni tí ó wà ní ipò rẹ̀ rí i: ilẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ tètè bọ́ sí i lọ́wọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kúrò nínú ilé sójà. Ojú àgbẹ̀ kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan yìí ni ìwé ìtàn wa ti ń dá láti bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn.

Kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, torí pé Ìbàdàn kò ṣàì ní òpìtàn tirẹ̀. Ní 1958 tí ìwé Mellanby jáde, Olúbàdàn tí ó wà lórí ìtẹ́ ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó ti kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911 ní èdè Yorùbá, tí ó sì fi ìtàn àwọn ìlú bí Ìwó, Òṣogbo àti Ìkìrun kún un. A bí Akínyẹlé ní 1882. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí ó kọ̀wé rẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà tí wọ́n mọ ogun ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1955 ó di Olúbàdàn, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi wàjà ní 1964. Ọba tí ó jẹ́ òpìtàn ń jọba ní ìlú kan náà tí wọ́n ti ń kọ́ yunifásítì, tí wọ́n ń la Bódìjà, tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n WNTV kalẹ̀ (ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 31 October 1959). Ìwé tí ó fi sílẹ̀ fún wa jẹ́ ìtàn ogun, ìdílé àti oyè. Kò sí ìwé Akínyẹlé kejì tí ó sọ bí ìlú tuntun ṣe rí lójú ọba tí ó gun ìtẹ́ nígbà tí ó ń yọ. Àdánù ńlá ni.

Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tí ó tètè fi Ìbàdàn sínú ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà, obìnrin ni. Anna Hinderer, ọmọ Norfolk tí wọ́n bí ní 1827, dé Ìbàdàn ní 1853 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ David, ará Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS. Ní Kúdẹtì ni wọ́n kọ́lé sí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí mọ́ Ìbàdàn, oúnjẹ àti owó kò wọlé mọ́, àwọn Hinderer sì ń ta ẹrù inú ilé wọn kí àwọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lè jẹun. Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1869, ó kú ní 1870. Ní 1872 ni Seventeen Years in the Yoruba Country jáde, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ṣà á jọ láti inú lẹ́tà àti ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti Mellanby. Lẹ́tà Hinderer kò mọ ìgbà tí ogun yóò parí. Nígbà tí ó kọ ọ́ pé ebi ń pa àwọn, ebi náà wà nínú ilé lọ́jọ́ náà; kò tíì di ìtàn tí a ń fi ọgbọ́n ìkẹyìn tò. Ní ti èyí, ẹ̀rí rẹ̀ lágbára ju ti ẹnikẹ́ni tí ó jókòó rántí lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yan èyí tí yóò wọ ìwé wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkú ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe lẹ́yẹ, ìjọ sì ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Nítorí náà, àkókò kejì wà nínú ìwé tirẹ̀ náà, ọdún 1872 ni, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì wà. Daniel Olúbí, tí ó bá àwọn Hinderer gbé tí ó sì di àlùfáà, náà kọ ìwé ojoojúmọ́. Ìwé Olúbí wà ní Birmingham, láàárín àwọn ìwé CMS tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń lò ó, J.D.Y. Peel sì lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìwé òyìnbó ni ó dé ọwọ́ ará ìta. Ti Olúbí ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ ọ̀nà ibi ìkówèépamọ́.

Kí a wá bọ́ sí Bódìjà, níbi tí ìrántí àwọn àgbà ti máa ń dùn jù. Western Nigeria Housing Corporation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, ni ó kọ́ ẹ́sítéètì náà: ojú títì tí a fi okùn fà, àgbàlá tí ó ní àyè, ilé tí òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ yunifásítì lè san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá bá àgbà tí ó gbé ibẹ̀ ní ọdún 1960 sí 1970 sọ̀rọ̀, ohun tí ẹ óò gbọ́ ni pé omi ń yọ ní ẹ̀rọ, iná kì í lọ, ọmọ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ẹ̀kọ́, a kì í tilẹ̀kùn. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìwé ìtàn ìlú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò October 1965 ni iná wétìẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jó ilé àti ènìyàn ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 15 January 1966 ni àwọn sójà pa Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìyàgankú. Ní 29 July ọdún náà ni wọ́n mú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, àti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ní ilé ìjọba ní Àgodi, tí kò jìnnà sí Bódìjà rárá, tí wọ́n sì pa wọ́n ní Lálúpọn. Èyí náà ni ọdún tí a kì í tilẹ̀kùn.

Àgbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ohun tí ó ń sọ ni bí ayé ṣe rí láàárín ọgbà tirẹ̀, ọjọ́ tí ó sì ń sọ ọ́ ń bá a sọ ọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn 23 December 2001, nígbà tí wọ́n pa Bọ́lá Ìgè, agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè yìí, nínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà. Ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn 16 January 2024, nígbà tí ohun abúgbàù tí ìjọba sọ pé àwọn awakùsà kó pamọ́ sínú ilé kan ní Old Bódìjà bú, tí ó wó ilé púpọ̀ tí ó sì pa ènìyàn. Ẹni tí ògiri ilé rẹ̀ sán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ó bá sọ fún ọ lọ́jọ́ kejì pé nígbà tiwọn ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀, ẹ̀rí méjì ni ó fún ọ. Òpìtàn tí ó kọ ti 1965 nìkan sílẹ̀ ti sọ ìdajì rẹ̀ nù.

Ìgè fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ iyì ìrántí. Ó kọ Kaduna Boy ní 1991 nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní òkè ọya, ó sì kọ ìwé ńlá lórí ìṣèlú àti àwọn olóṣèlú Nàìjíríà láti 1940 sí 1979. Ó dùn mí pé ẹni tí ó lè rántí Kaduna báyẹn kò wà mọ́ láti rántí Bódìjà fún wa.

Ọ̀rọ̀ odò Ògùnpa ni ibi tí a ti lè dán ìrántí wò jù. Ní 31 August 1980, omi Ògùnpa kún bo ìlú láti agbègbè Dùgbẹ̀ dé Òkè-Àdó, ó sì kó ènìyàn àti dúkìá lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń fi omíyalé yìí ṣe ààlà: kí ó tó ṣẹlẹ̀, ìlú mọ́, ìwà mọ́, lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo nǹkan dojú rú. Ṣùgbọ́n Ògùnpa ti kún ya ilé ní 1960, ní 1963 àti ní 1978. Nígbà tí a ń sọ pé Ìbàdàn létò, odò náà ti ń bínú, torí pé àwọn ènìyàn ti ń kọ́lé sí etí rẹ̀, wọ́n sì ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀ láti ìgbà tí Dùgbẹ̀ ti ń gbilẹ̀. Ìdí tí Dùgbẹ̀ fi gbilẹ̀ sì yé wa: ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ilé ìtajà àwọn òyìnbó tẹ̀ lé e sí Gbági, àwọn tí ń ra kòkó sì tẹ̀ lé wọn. Akin Mábògùnjẹ́, tí ó kú ní 2022 lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìlú Yorùbá pé ojúkò méjì ni Ìbàdàn ní, ọ̀kan ní Ọjà'ba lábẹ́ Mápó, ìkejì ní Dùgbẹ̀. Cocoa House, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n parí ní 1965, dúró sí ojúkò kejì yìí, nítòsí odò kan náà. Nígbà tí omi tún dé ní 26 August 2011, tí ó pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, tí ó sì wọ ọgbà yunifásítì, àwọn kan sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti 1980. Iye ìgbà tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú kò sí nínú ìrántí wọn mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ètò omi fún Ìbàdàn pẹ̀lú irú ìrántí bẹ́ẹ̀ nìkan yóò kọ́ afárá tí kò ga tó.

Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá tí wọ́n ti rántí Ìbàdàn fún wa pẹ̀lú ń gbé àkókò méjì. Wọlé Ṣóyínká gbé Ibadan: The Penkelemes Years jáde ní 1994, nígbà tí ó pé ọgọ́ta ọdún. Ohun tí ó ń rántí ni 1946 sí 1965, láti ìgbà tí ó wọ Government College títí dé ìdìbò tí wọ́n jí. Ṣùgbọ́n ọdún kan kí ìwé náà tó jáde ni wọ́n fagi lé ìdìbò 12 June 1993. N kò rò pé ẹnikẹ́ni lè ka ohun tí ó sọ nípa 1965 kí ó má gbọ́ 1993 nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí a kà á. Tóyìn Fálọlá, ọmọ Ìbàdàn tí a bí ní 1953, ṣe ohun tí ó yàtọ̀ nínú A Mouth Sweeter Than Salt ní 2004. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni ó ti ń bá ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ jà: báwo ni a ṣe ń mọ ọdún ní ilé tí a kì í ka ọdún sórí kàlẹ́ńdà? Òpìtàn ni, ó sì mọ̀ pé kí ó tó gba ìrántí ara rẹ̀ gbọ́, ó ní láti bi í léèrè bí ẹni ń bi ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́. Nínú ìwé kejì rẹ̀, tí ó jáde ní 2014, ó padà sí ogun Àgbẹ̀kòyà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà, ní 1968 àti 1969. Tirẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ó fi iyèméjì sílẹ̀ kí òǹkàwé rí i. Mellanby kò ní ààyè fún irú iyèméjì bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń jà fún kò tíì fìdí múlẹ̀.

Mo mọ àtakò tí yóò dìde. Àwọn kan yóò ní kí ni a fẹ́ fi ìrántí ṣe nígbà tí Ilé Ìpamọ́ Ìwé Àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà yunifásítì gan-an, tí fáìlì kún inú rẹ̀? Kenneth Onwuka Dike, tí ó ṣe gudugudu méje kí ilé ìpamọ́ náà tó dúró, ti dáhùn ìbéèrè yìí nínú iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1956, nígbà tí ó fi ìtàn àtẹnudẹ́nu sí ẹ̀gbẹ́ ìwé òyìnbó. Adé Àjàyí àti Bọ́lánlé Awẹ́ tẹ̀ síwájú ní ọ̀nà náà. Fáìlì náà ìrántí ni, ìrántí ajẹ́lẹ̀ tí ó kọ ọ́ ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Àríwísí tèmi sí àwọn òpìtàn wa wọ̀nyí ni pé ọba, ogun, òwò àti ìjọ ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Wọn kò béèrè bí a ṣe la Ring Road, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi yàrá háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, tàbí bí abúlé kan ṣe di ojúlé kíkún níwájú géètì yunifásítì láàárín ìran kan. Wọ́n rò pé ohun tí ojú àwọn fúnra wọn ń rí kì í ṣe ìtàn. Ó ti di ìtàn báyìí, àwọn tí ó sì rí i ń lọ.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí Creech Jones bu erùpẹ̀ yẹn ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún lónìí, bí ó bá ṣì wà. Ọmọ tí ó tó ọdún mẹ́wàá nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ kó wọ Bódìjà ti lé ní àádọ́rin. Àwọn tí ó ta ọjà ní Dùgbẹ̀ kí ó tó kún, àwọn tí ó ru bíríkì Cocoa House, àwọn ìyá tí ó sá fún Ògùnpa pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, gbogbo wọn ló ní ohun tí kò sí nínú fáìlì kankan.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìtàn àti sí Institute of African Studies ní Ìbàdàn, sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa, sí gbogbo ẹni tí ó ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé, ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ bi wọ́n léèrè ní èdè Yorùbá. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kó dé, iye tí wọ́n san, ibi tí omi ti ń wá, ẹni tí ó ni oko níbẹ̀ kí ilé tó dé. Bí ẹ bá rí ọmọ àgbẹ̀ tí ilẹ̀ baba rẹ̀ wọ yunifásítì, ẹ má jẹ́ kí ó lọ láìsọ̀rọ̀. Ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí a kò bi Mellanby: kí ni ẹ rí lónìí tí ó mú yín rántí èyí? Kí ẹ tó pa fóònù, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ ọn.